Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Ní Kó Bọ́

Bí ẹ bá bi wọ́n ní agbo ilé wa irú ènìyàn tí mo jẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé obìnrin tó le ni mí. Wọn kò parọ́. Mo máa ń ṣọ́ ìkúnlẹ̀ àwọn ìyàwó ilé bí ẹni tó sá láfún sójú oòrùn ṣe ń ṣọ́ ewúrẹ́. Èyí tó bá kí àgbà tí orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀, màá pè é padà kó wá kí i dáadáa. Èyí tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ojú tí màá fi wò ó nìkan ti tó láti mú un yí ọwọ́ padà. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti dé ilé ọkọ ní Ìwó, n kò sì rí ẹni tí ìwà yìí pa lára títí di ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Akólẹ̀ ni mí. Nígbà tí ọkọ mi kú, agbára mi kò ká oko tó fi sílẹ̀ lọ́nà Kuta, mo sì ní ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ní láti jẹun. Obìnrin kan tó ń ra ike àti agolo àlòkù ló là mí lójú pé ohun tí àwọn ènìyàn ń dà nù lè bọ́ ènìyàn. Mo ra ọmọlanke, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ní àwọn àdúgbò àtijọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ilé sì fún mọ́ra. Màá tì í dé ẹ̀bá títì níbi tí ọkọ̀ ti máa ń wá gbé e. Kí ọkọ̀ tó dé, màá ti ṣa ike, agolo àti irin inú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún títà.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún èmi nìkan, mo mú ìyàwó àbúrò ọkọ mi mọ́ra. Ìyàwó ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní Ìyálé, bó ti yẹ kó rí. Ó kéré sí mi púpọ̀. Oṣù márùn-ún ni ọmọ rẹ̀ kejì wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá ọkọ wa ló sì ń bá a mú un nílé. Tí a bá ti kó ìdajì àdúgbò tán, ó máa ń sáré lọ fún un lọ́mú kó tó padà wá bá mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo bá ní kó ṣe ló ń ṣe, bí mo bá sì ń bá àwọn ìyàwó yòókù jà, òun ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìgò tó fọ́ máa ń gé wa lọ́wọ́, ìṣó máa ń gba inú sílípáàsì wọ ẹsẹ̀ wa, èéfín ààtàn tí wọ́n ń sun sì máa ń mú wa húkọ́ títí ojú wa á fi pọ́n. Ọdún kan wà tí ìka àárín mi wú gan-an. Epo pupa àti iyọ̀ ni mo fi ń ra á títí ó fi lọ sílẹ̀, n kò lọ síbì kankan. Títí di òní, kò ká dáadáa mọ́. Bí ìyàwó bá ráhùn pé nǹkan gún òun, màá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wojú àáké. Á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn kan wá láti ìta, wọ́n pe gbogbo àwa tí a ń kó ilẹ̀ ní Ìwó àti Ilé-Ogbó jọ sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn, bàtà róbà àti ìbòmú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ wa ní a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tẹ ọ̀rá wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbé e mọ́ àyà, a kò sì gbọdọ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ó ní bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Mo ń gbọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú. Ọmọ tí aṣọ rẹ̀ funfun báyẹn ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó ilẹ̀. Ìbọ̀wọ́ náà máa ń mú kí ọwọ́ mi làágùn, kò sì jẹ́ kí n lè ṣa agolo kíákíá, nítorí náà ìdí ìró ni mo máa ń ki tèmi bọ̀. Ìyàwó fẹ́ràn tirẹ̀. Tí a bá ti délé, á fọ̀ ọ́, á sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ọmọ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò mọ̀, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ní àdúgbò wa, àwọn ìyá àgbà kì í gbé ilẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí akólẹ̀ wá gbé e. Wọ́n ní ohun tó ti inú ilé jáde kò yẹ kó wà nílẹ̀ fún ojú gbogbo ayé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń gbé e fún ni, wọ́n á sì ṣàdúrà lé e pé kí ibi bá a lọ, kí ire dúró sílé. Ẹni tó ń gbà á á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì, á sì ṣe àmín. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi ìbọ̀wọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti sọ fún un pé ó ń rùn. Kò sí ìyá àgbà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Láàárín gbogbo wọn, kò sí ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún tó Àlájà kan báyìí. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ìdajì àdúgbò ní kéwú kó tó di olóògbé, òun náà sì ń kọ́ àwọn obìnrin ní Kùránì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń dín mọ́sà, á fi ṣe sàárà. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á kọ́kọ́ fún wa ní mọ́sà gbígbóná nínú ewé, lẹ́yìn náà ló máa tó gbé ilẹ̀ fún wa. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá a jà, ó sì máa ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láràárọ̀. Mo mọ̀. Mo ti rí abẹ́rẹ́ náà lójú fèrèsé rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. N kò bi ara mi léèrè rí ibi tó ń kó wọn sí tó bá lò wọ́n tán, èmi tí mò ń gbé ilẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, a dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Èmi ń tún ẹrù orí ọmọlanke tò, ìyàwó ló wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àlájà na mọ́sà sí i, ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ló fẹ́ fi gbà á. Ara mi gbóná. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣe é. Mo sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo sì gbé ohùn sókè díẹ̀, kí Àlájà lè mọ̀ pé a kì í tọ́ wọn báyẹn nílé wa.

"Ìyàwó, ṣé ìbọ̀wọ́ ìdọ̀tí lo fẹ́ fi gba sàárà lọ́wọ́ Àlájà? Bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ, ó fi há abíyá. Ó gba mọ́sà, ó dúpẹ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlájà wá gbé ọ̀rá ilẹ̀ bọ̀ wá fún un. Mo rí i tí ìyàwó wojú mi, tí ọwọ́ rẹ̀ kan ń lọ sí abíyá láti mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Mo mi orí fún un pé rárá. Ló bá na ọwọ́ méjèèjì lásán. Ọ̀rá náà wúwo, ìdí rẹ̀ sì ti fẹ́ ya, nítorí náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e nísàlẹ̀.

Mo rí i tó ta kìjí díẹ̀. Àlájà ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run bá wa kó ibi lọ, kó má jẹ́ kí a rí àjálù lẹ́nu iṣẹ́, kó dá ọmọ ọwọ́ ìyàwó sí. Ìyàwó ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó dìde, ó gbé ọ̀rá náà sínú ọmọlanke, a sì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí a yà sí kọ̀rọ̀ ló tó ṣí ọwọ́ rẹ̀ fún mi wò. Ẹ̀jẹ̀ ti kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo wo ìdí ọ̀rá náà, mo rí abẹ́rẹ́ kan tó yọrí síta, kò ní ìdérí. Abẹ́rẹ́ yẹn wà nínú ẹran ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe àmín, nítorí kò fẹ́ já àdúrà mọ́ àgbà lẹ́nu.

Ó yẹ kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fún ẹ̀jẹ̀ náà jáde, mo da omi àti kẹrosíìnì sí i, mo ya etí ìró mi, mo fi dì í. Mo ní abẹ́rẹ́ kékeré ni, pé Àlájà kò ní àrùn mìíràn ju ìtọ̀ ṣúgà lọ, ìtọ̀ ṣúgà kì í sì í ràn. Mo tún ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Mo ní bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, wọ́n á máa fi ojú burúkú wo obìnrin tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Orúkọ Àlájà ni mò ń rò, n kò ro ẹ̀jẹ̀ ìyàwó. Ó ní òun ti gbọ́. A sì kó ilẹ̀ àdúgbò tó kù lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, ẹkún ọmọ rẹ̀ ni mo fi jí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa, ọmọ náà kì í sì í ṣe elẹ́kún. Nígbà tí kò dákẹ́ títí oòrùn fi mú, mo lọ wò wọ́n. Mo bá ìyàwó tó ń fi ṣíbí rọ ògì sí ọmọ lẹ́nu, tí ọmọ ń tu ú dà nù. Iwájú búláùsì rẹ̀ ti rin gbindin, wàrà ń jò lọ́mú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fún ọmọ lọ́mú. Ó nu ẹnu ọmọ ná.

"Ìyálé, mi ò mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn," ó ní. "Tó bá ti wọ inú mi ńkọ́, tí mo bá tún wá fún un mu?"

Mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí ní àárọ̀ yẹn, irú rẹ̀ kò bà mí rí látìgbà tí wọ́n ti gbé òkú ọkọ mi wọlé. Mo ń ro éèdì. Mo ń ro ọmọ méjì tí ìyá wọn kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi láti ẹnu ọ̀nà Àlájà, bí mo ṣe gbé e sókè kí wọ́n lè gbọ́ pé mo mọ ìwà. Mo lọ bá àbúrò ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó ti oko dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò sì yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó wọlé lọ. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ìyàwó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ní láti ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí. Ó ní oògùn tó ń dènà éèdì wà, ṣùgbọ́n ẹni tí abẹ́rẹ́ gún gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣì ku nǹkan bí ọjọ́ kan fún wa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìyàwó, wọ́n sì fún un ní oògùn tó máa lò fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kòkòrò mìíràn tún wà tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ ènìyàn díẹ̀díẹ̀, tó yá láti gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé ju éèdì lọ. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ìyẹn náà. Ó wo káàdì àjẹsára ọmọ tí ìyàwó mú dání, ó ní ọmọ ti gba tirẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ lè máa fún un lọ́mú. Ìyàwó ní òun ti gbọ́, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò ní ṣe é.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá a mọ ẹni tó ni abẹ́rẹ́ náà. Ó ní bí ẹni náà bá gbà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Bí kò bá ní éèdì, ìyàwó á jáwọ́ nínú oògùn tó le yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé kòkòrò inú ẹ̀dọ̀ ló wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan wà tó lágbára jù, tó wọ́n, tí kì í sí nílẹ̀, wọ́n á lọ wá a níbòmíràn, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ni. Ó ní kì í ṣe dandan, ìfẹ́ inú ẹni náà ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rìn dé ẹnu ọ̀nà Àlájà, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo yí padà. Ẹnu wo ni màá fi sọ fún obìnrin tó ń kọ́ àwọn ìyá ìyá wa ní Kùránì pé kó wá yẹ ẹ̀jẹ̀ éèdì wò? Níbi tí a wà yìí, bí o bá ní kí ènìyàn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, o ti fẹ̀sùn kàn án nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo rí ìyàwó tó fi ọwọ́ ti ògiri, tó ń bì. Oògùn yẹn kò bá a lára mu rárá, kò sì tíì ju ọjọ́ kejì lọ. Mo wé gèlè mi, mo lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlájà. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ń dáhùn yíká yíká, mo ń dúpẹ́ lórí ohun tí kò tó ohun àmúdúpẹ́. Nígbà tó yá, ó ní mo ti pẹ́ jù lórí ìkúnlẹ̀, kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Mo sọ ọ́. Tẹ̀sùbáà tó ń kà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó máa lé mi jáde.

"Ta ló ní kó bọ́ ìbọ̀wọ́?" ó béèrè.

"Èmi ni, mà."

"Nítorí ta ni?"

"Nítorí tiyín ni, Àlájà."

"Mo rán ọ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí?"

N kò lè gbé ojú sókè. Omi ti ń bọ́ lójú mi sí orí ẹní rẹ̀.

"Mo gbọ́ nígbà tí o pàṣẹ fún un," ó ní. "Ó yẹ kí n ní kó má bọ́ ọ. Mo mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn, èmi ni mo kó o síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹ ka èmi kún, mo sì dákẹ́. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó wọ yàrá, ó mú ìborùn rẹ̀ jáde. Kò dúró de ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kankan. Àwa méjèèjì wọ kẹ̀kẹ́, ó sì ń tọ́ka ọ̀nà fún ẹni tó ń wà á bí ẹni pé ọjà ló ń lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dúró. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì pè é wọlé, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun kò ní éèdì. Ó wá ní ti ẹ̀dọ̀ ni òun ní. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé ó lè ti wà lára rẹ̀ láti ọdúnmọ́dún láìjẹ́ pé ó dùn ún, pé wọ́n á máa ṣọ́ ọ. Ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí òun bi nọ́ọ̀sì ni bóyá abẹ́rẹ́ tó lágbára yẹn ṣì lè bá ìyàwó.

Ó bá a. Ọmọ Àlájà tó wà ní Ìbàdàn ló wá a rí, ó sì gbé e wá fúnra rẹ̀ nínú kúlà ní Ọjọ́rú. Wọ́n gún ìyàwó, wọ́n sì ní kó fi oògùn éèdì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè sọ bóyá kòkòrò náà wọlé tàbí kò wọlé. Oṣù mẹ́fà jìnnà. Láàárín rẹ̀, wàrà gbẹ lọ́mú ìyàwó. Nígbà tí ẹ̀rù fi í sílẹ̀ díẹ̀, tó tún gbé ọmọ sọ́mú, ọmọ kò gbà á mọ́. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà yí orí kúrò, tó ń wá ṣíbí. Ìyàwó dé búláùsì rẹ̀ padà, ó lọ po ògì.

Àlájà kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ Kùránì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé àyẹ̀wò rẹ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù kékeré kan sáàárín wọn, èyí tó ní ìdérí tó ń lọ́, ó ní inú rẹ̀ ni òun ń kó abẹ́rẹ́ òun sí báyìí, ilé ìwòsàn ló sì ń lọ, kì í ṣe ọmọlanke. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ilẹ̀ lé akólẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n kó o sínú báàkẹ́tì tó ní ìdérí sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n dúró tì í ṣàdúrà tó bá wù wọ́n. Ìyá àgbà kan kùn pé ayé ti bàjẹ́ tí akólẹ̀ bá ń wọ ìbọ̀wọ́ kí ènìyàn. Àlájà ní Ọlọ́run tó gbọ́ àmín ìyàwó tòun ti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ lè gbọ́ ọ tòun ti ìbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tàn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ẹnu ọ̀nà tó ní báàkẹ́tì ti pọ̀ ju èyí tí kò ní lọ. Èmi náà ń wọ ìbọ̀wọ́ mi.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, èmi ni mo sìn ín lọ. Àlájà fẹ́ bá wa lọ, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó ní òun á máa retí wa. A jókòó títí wọ́n fi pe ìyàwó. Nọ́ọ̀sì náà ló jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kòkòrò náà kò wọlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn, n kò mọ ẹni tí mò ń kúnlẹ̀ fún. Ìyàwó ló fà mí dìde.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. N kò bẹ ìyàwó ilé kankan rí láyé mi, ẹnu mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní bí irú rẹ̀ bá tún wáyé, kó kọ̀ fún mi, kó sọ ọ́ sí mi lójú níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ pé òun kò ní bọ́ ọ. Títì ló ń wò.

"Ìyálé, tí ẹ bá ní kí n bọ́ ọ lónìí, màá tún bọ́ ọ."

Mo ní lẹ́yìn gbogbo èyí tí ojú rẹ̀ rí?

"Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí," ó ní. "Ẹ̀rù yín ló ń bà mí jù."

Kò bínú. Kò sì fi bú mi. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́, jẹ́jẹ́, ó sì ti gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ.